Ẹni Tó Ra Orúkọ Ìyá Mi ní Amẹ́ríkà

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi bí mo tilẹ̀ gbàgbé ọ̀nà ilé. Ọdún tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá ni. Ìpékeré ni mo ń dín tà nílùú Ọ̀wọ̀ nígbà náà. Àwẹ̀ró ni mo kọ sára ọ̀rá rẹ̀, oríkì ìyá mi, nítorí òun ló kọ́ mi níṣẹ́ náà kó tó kú. Àbúrò mi Kọ́lá, tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ń bá mi tà á fáwọn Yorùbá ibẹ̀, ọjà sì ń yá. Orí mi wá wú, mo ra ilẹ̀ sọ́nà Uso láti kọ́ ilé iṣẹ́ sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, Kọ́lá pè mí sórí fóònù aládùúgbò wa, Dáre, tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà ní pólì. Ohùn rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan ti gba sáìtì yín o. Orúkọ Àwẹ̀ró yẹn, wọ́n ti rà á. Wọ́n fẹ́ tà á fún wa."

Kí n tó bèèrè ẹni tó jẹ́, fóònù ti kú.

Kí tún ni sáìtì létí ẹni tó ń kọ́lé bí kò ṣe ilẹ̀ tó ń kọ́lé sí? Mo pe ìyàwó mi, a gun ọ̀kadà, ó di ọ̀nà Uso. Ó ń bi mí lórí ọ̀kadà bí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe mọ̀ pé wọ́n gba ilẹ̀ wa. Mo ní kí ọlọ́kadà sáré sí i. Mo ti bínú kọjá ìbéèrè ọlọ́gbọ́n.

A bá ọkùnrin kan lórí ilẹ̀ náà, ó ń gbin ẹ̀gẹ́. Mo di ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní kó fi ẹni tó tà á fún un hàn mí. Bí mo ṣe ń fa ọkọ́ náà sẹ́yìn ni mo jìn sínú kòtò ìpìlẹ̀ tí òjò ti kún. Omi mù mí dé àyà. Ọkùnrin yìí kan náà ló nawọ́ fà mí jáde.

"Ẹ má bínú, bàbá," ló wí. "Màmá yìí ló ní kí n máa dáko síbẹ̀ kí igbó má baà bò ó."

Mo wo ìyàwó mi.

"Mo sọ fún yín," ló wí. "Bọ́ọ̀lù lẹ ń gbọ́ ní rédíò."

Mo bẹ ọkùnrin náà, ẹrẹ̀ ń kán lára mi. Nígbà tí a délé, Kọ́lá ti pe Dáre padà, ó ti ṣàlàyé fún un pé sáìtì tí òun ń wí kì í ṣe ilẹ̀, inú kọ̀ǹpútà ló wà, níbi tí gbogbo ayé ti lè fi orúkọ ọjà wa wá wa rí. Dáre kó wa lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ́kọ́ dún bí ẹyẹ tí wọ́n fún lọ́rùn, lẹ́yìn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀. Mo rí i: AWERO, gàdàgbà, láìsí àmì ohùn kankan. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé orúkọ náà wà fún títà. N kò mọ ìgbà tí mo ṣí fìlà.

"Níbo ni onítọ̀hún wà?"

"Amẹ́ríkà ni, ẹ̀gbọ́n," Dáre dáhùn.

"Ó mọ ìyá mi ni?"

"Kò mọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń kó orúkọ jọ ni, bí àwọn tó ń ra igbó sílẹ̀ kí ìlú tó gbòòrò débẹ̀. Ó sì lè tà á fún ẹlòmíì tó ń dín ìpékeré. Ẹni tó bá ń wá tiyín, ọ̀dọ̀ ìyẹn ló máa já sí. Ṣé ẹ ti forúkọ yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba?"

"Ara ọ̀rá ni mo kọ ọ́ sí."

Dáre mi orí. Orí tó mì yẹn dùn mí ju kòtò lọ.

Owó tí ará Amẹ́ríkà náà ń bèèrè tó ra ọkọ̀ akẹ́rù. A ò rà á. Mo lọ forúkọ ọjà mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, Kọ́lá sì fi Ọ̀wọ̀ kún Àwẹ̀ró kó tó gbà á fún wa nínú kọ̀ǹpútà. Àwẹ̀ró lásán ṣì wà lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Inú ò tiẹ̀ bí mi mọ́, ẹnu ló yà mí. Ẹni tí kò jẹ ìpékeré rí, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe Àwẹ̀ró, jókòó sí yàrá rẹ̀, ó ṣọgbà yí orúkọ ìyá mi ká, ìyá mi sì wà ní ìtẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì l'Ọ̀wọ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Mo kọ́gbọ́n: ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ń tajà, kó tètè jẹ́ kí òfin mọ̀ pé òun ló ni ín.

Nígbà tí àkọ́bí wa bímọ, tí wọ́n ní kí n sọ ọmọ lórúkọ, mo kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá ẹnì kan ti rà á ní Amẹ́ríkà. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ń retí èsì.