Kẹ̀kẹ́ Tí Wọn Kì í Họ Imú Nínú Ẹ̀

Ní ìlú Dronten nílẹ̀ òyìnbó ni, ní ilé iṣẹ́ Geeske, níbi tí wọ́n ti ń to kẹ̀kẹ́ oníkarahun: ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí èèyàn ń sùn gbalaja sínú ẹ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ wà á, tí orí nìkan ń yọ síta, tí afẹ́fẹ́ ò sì ní rí ibi dì í mú. Ọkọ̀ ẹrù ṣẹ̀ṣẹ̀ já tuntun kan kalẹ̀ láti Ròmáníà, níbi tí wọ́n ti ń rọ ìkarahun náà báyìí. Kábọ́ọ̀nù tó fúyẹ́ ju irin lọ ni látòkè délẹ̀, ó ń dán gbinrin, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́! Douwe tó ni ín ti ń retí ẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ó dúró tì í, ó ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ológbò.

"Ọ̀gá Douwe, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mu kọfí," Geeske ní.

"Kọfí ńkọ́? Kọfí wúwo. Nǹkan kan ò kan ẹnu mi láti àná."

Geeske rán an létí pé gbogbo èèyàn lòun pè kí wọ́n wá jókòó sínú èyí tí wọ́n fi ń dánwò, kí wọ́n tó rọ tiwọn. Douwe nìkan ló kọ̀. Ó ní òun ti wo gbogbo fídíò tó wà lórí ẹ̀, òun lè wọn ara òun nílé.

"Nígbà tí ẹ ń wọn ikùn yẹn, ṣé ẹ ń mí?"

"Mo mí síta."

"Ẹ ò wá mí sínú padà?"

"Lẹ́yìn tí mo wọ̀n ọ́n tán."

Geeske ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òfin ilé iṣẹ́ òun ò yí padà: ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ á wọlé, á yí ọgbà po, á sì jáde fúnra ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Kòtò omi ló kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ìlú yìí. Ẹni tó bá já sínú ẹ̀ tí kò lè jáde, ó parí. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kẹ̀kẹ́ di ti ẹni tó kàn lórí ìlà.

Douwe bọ́ bàtà, ó ní bàtà ń jẹ àyè. Ó wọ inú ẹ̀ bí ẹni ń wọ ṣòkòtò ìgbéyàwó ẹ̀ àtijọ́. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kẹ̀kẹ́ náà sì fò jáde fìrì! Kí Geeske tó ṣẹ́jú, ó ti yí ọgbà po, ó ti padà dé.

"Ó sáré o. Ó yá, ẹ jáde."

"Kí ni ìkánjú? Mo ń gbádùn ìjókòó ẹ̀."

Geeske fa àga, ó bu kọfí tiẹ̀. Douwe gbé èjìká sókè, kẹ̀kẹ́ gbéra tẹ̀lé e. Ó yí sọ́tùn-ún, kẹ̀kẹ́ yí sọ́tùn-ún.

"Ṣé ẹ ti há ni?"

"Ta ló há? Ó bá mi lára mu ni. Ẹni tó bá fẹ́ràn àyè, kó lọ gun irú ti Wubbo."

Wubbo ni aládùúgbò ẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin oní bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lòde ló ń gùn, èyí tó gba ẹrù ọjà lẹ́yìn. Níbi ìpàdé àwọn oníkẹ̀kẹ́ ní ìjẹta, Wubbo ń họ imú nínú ẹ̀ jẹ́jẹ́ ni Douwe nàka sí i lójú gbogbo èèyàn, ó ní kẹ̀kẹ́ téèyàn ti lè họ imú nínú ẹ̀, pálọ̀ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

"Ta ló tiẹ̀ kàn lórí ìlà?"

"Wubbo."

"Wubbo tó ń fi bátìrì gun afárá?"

"Òun ni. Ó ti wá jókòó dánwò, ó bá a mu. Ó ń bọ̀ wá pààrọ̀ táyà báyìí."

Ibẹ̀ ni imú Douwe ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ṣu ú pọ̀, ó tú u ká. Ó na ọrùn sí etí ìkarahun kó lè fi imú ha á. Kò tó o.

"Ó ń yún yín?"

"Díẹ̀."

"Ẹ họ ọ́ nígbà náà."

Ọwọ́ méjèèjì wà nísàlẹ̀ níbi ìtọ́kọ̀, wọn ò gòkè.

"Geeske, ọmọ dáadáa, fi ìka kan ṣoṣo..."

"Tí mo bá fọwọ́ kàn yín, kẹ̀kẹ́ ti di ti Wubbo."

"Imú mi nìkan ni, kì í ṣe gbogbo ara."

"Imú yín ò dá wá síbí."

"Fẹ́ atẹ́gùn sí i, jọ̀ọ́."

"Ṣebí ẹ ní atẹ́gùn ò gbọdọ̀ rí yín dì mú?"

Ó ní kí Geeske fi òun sílẹ̀ níbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, ebi á sọ òun di tẹ́ẹ́rẹ́. Geeske ní ebi kì í dín egungun èjìká kù. Bẹ́ẹ̀ ni aago kẹ̀kẹ́ kan dún lẹ́nu géètì, dẹ̀ẹ̀dẹ̀ẹ̀, bí ohùn ẹni tí ìjókòó ẹ̀ rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

"Wubbo ti dé. Kí n ní kó dúró níta, tàbí kí n wá bá yín họ ọ́?"

Omi ti dà lójú Douwe dé àgbọ̀n.

"Má wulẹ̀ dìde. Ní kí Wubbo wọlé. Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ni kó wá họ imú tó wà nínú ẹ̀."