Ọkọ̀ Tí Kò Mọ̀ Ju Iwájú Lọ

Bí ẹ bá dé Ọ̀sì ní nǹkan bí ọdún 1981, tí ẹ béèrè ẹni tó ga jù nílùú, Lazarus Adégbìtẹ́ ni wọn yóò fi hàn yín. Kò ga ní ìdúró. Èjìká mi ló dé. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun ga, a kò sì ráyè máa bá a jiyàn lójoojúmọ́.

Kàdúná ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Bí a bá bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe níbẹ̀, á ní, "Wọn ò lè ṣílẹ̀kùn láìsí mi." Ó pẹ́ kí a tó gbọ́ pé kọ́kọ́rọ́ géètì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òyìnbó kan tó ń padà sílé ló ta ọkọ̀ eré sísá kan fún un ní ọ̀pọ̀. Ọkọ̀ pupa, kúkurú, onílẹ̀kùn méjì. Bí èèyàn bá jókòó sínú rẹ̀, ojú rẹ̀ á bá ojú ewúrẹ́ ṣe déédéé. Láti ọjọ́ náà ni Lazarus ti di Lazarus. Lazarus ọkọ mọ́tò pupa! Lazarus a-jí-fọ-taya-kó-tó-fọjú! A kì í pè é lásán mọ́.

Taya tó bá ọkọ̀ náà wá kéré lójú rẹ̀. Lẹ́nu ilẹ̀kùn, àwọn tó ṣe ọkọ̀ lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ọn: taya 165, ìyẹn bó ṣe fẹ̀ tó, lẹ́tà S, atẹ́gùn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n níwájú, méjìdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn. Lẹ́tà S yẹn túmọ̀ sí pé taya náà lè fara da eré ọgọ́sàn-án kìlómítà ní wákàtí kan. Ọ̀nà Ọ̀sì ìgbà náà, bí èèyàn bá sá ogójì lórí rẹ̀, eyín rẹ̀ á máa kan ara wọn.

Lazarus ka ìwé náà tán, ó fi èékánná họ ọ́ kúrò. Ó ní, "Àwọn tó kọ èyí ò mọ irú èèyàn tó máa ra ọkọ̀ náà."

Ó di Ìlọrin, ó di ọ̀dọ̀ Alhaja Badirat tó ń ta taya lẹ́bàá gáréèjì.

"Taya wo lẹ fẹ́, Ọ̀gá?"

"Èyí tó sanra jù."

"Ọkọ̀ yín kéré o."

"Ṣé mo bi yín bí ọkọ̀ mi ṣe tó?"

Alhaja wo ojú rẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀, ó wo ibi tí àpò rẹ̀ gbé yọ síta. Ó rí i pé Ọlọ́run ló rán ọkùnrin yìí sí òun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó gbé taya 205 jáde, tòun ti ríìmù rẹ̀ tó fẹ̀. Lẹ́tà H ló wà lára wọn, ìyẹn ni pé wọ́n lè gba eré igba ó lé mẹ́wàá.

"Ṣé ọkọ̀ mi á wá máa sá igba ó lé mẹ́wàá báyìí?"

"Taya á lè sá a," Alhaja ní. Kò purọ́. Wọn ò bi í ní ti ẹ́ńjìnnì.

Ó kan atẹ́gùn. Lazarus ní kí wọ́n fẹ́ ẹ dé márùndínláàádọ́ta, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Á le jù," ẹni tó di ẹ̀rọ atẹ́gùn mú wí.

"Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Taya tó bá rọ̀, olówó rẹ̀ ló ti rọ̀. Ọkọ̀ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi taya ńlá sídìí ọkọ̀ ẹlòmíràn."

Wọ́n fẹ́ ẹ. Taya yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí ehín ń dùn. Ó fi àwọn ti àtijọ́ sílẹ̀ fún Alhaja. Kò tilẹ̀ mú ọ̀kan dání ṣe sípíà, ó ní yóò dójú ti àwọn tuntun.

Bó ṣe fẹ́ jáde nínú ọgbà ló gbọ́ ariwo àkọ́kọ́. Bó bá yí ọwọ́ ọkọ̀ díẹ̀, ọkọ̀ á yà díẹ̀. Bó bá yí i dáadáa, taya iwájú á há mọ́ irin ara ọkọ̀, á máa han kẹ̀rẹ̀rẹ̀. Ó lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn, ó tún lọ síwájú, títí àwọn tó ń jẹun lẹ́bàá ọ̀nà fi gbé abọ́ wọn kúrò lọ́nà. Lazarus yọrí jáde sí wọn.

"Ọkọ̀ eré kì í yí," ó ní. "Iwájú ló mọ̀."

Gbogbo èyí kì bá tí kan ẹnikẹ́ni, bí kò bá jẹ́ pé ó fẹ́ gbéyàwó.

Damaris Ẹkúndayọ̀ ni orúkọ ọmọ náà, tíṣà ni l'Ọ́bọ-Ayégúnlẹ̀. Baba rẹ̀ ni Kátíkíìsì ìjọ Ìdòfin. Ọmọbìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ó máa ń dùn ún bí ọ̀rọ̀ bá ṣòfò. Ẹ má bi mí pé kí ló rí lára Lazarus. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ni, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ kó tó ra ọkọ̀.

Ìdòfin ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Nígbà tí a ń jẹun, níwájú ilé Kátíkíìsì, Lazarus dìde nínú kóòtù funfun, ó ní òun fẹ́ sọ gbólóhùn kan.

"Láti ẹnu ọ̀nà yìí títí dé ẹnu ọ̀nà mi l'Ọ́sì, ẹsẹ̀ ìyàwó mi ò ní kan ilẹ̀. Bó bá kan ilẹ̀, ẹ má pè mí ní Lazarus mọ́."

A pàtẹ́wọ́. Ìyán dára lọ́jọ́ náà, ohunkóhun tó bá sọ là bá pàtẹ́wọ́ fún.

Àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn olórin ti gun lọ́rì lọ sí Ọ̀sì ṣáájú. Ó ku ọkọ, ìyàwó, àti Màmá Susanna, ẹ̀gbọ́n Kátíkíìsì, ẹni tí yóò fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Wọ́n ká Màmá sí ẹ̀yìn ọkọ̀, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n rẹ̀. Iwájú ilé Kátíkíìsì fẹ̀ bíi pápá, nítorí ibẹ̀ ni ìjọ ti ń pàtẹ ìkórè. Lazarus rọra fi gbogbo rẹ̀ yí po, ó fọn fèrè, ó lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, Màmá Susanna ló sọ ọ́ fún wa, kì í sì í ṣe ẹni tí í bu iyọ̀ sọ́rọ̀.

Taya tó le bí òkúta, lórí ọ̀nà olókùúta. Ọkọ̀ náà kò sáré, ó ń fò ni. Gèlè Màmá ń lu òrùlé ọkọ̀.

Ilé Lazarus kò sí lójú títì. Ọ̀nà tóóró kan ló wọ ibẹ̀, láàárín àpáta kan àti ògiri ilé ìkẹ́rùsí àwọn alájẹṣẹ́kù. Láti ojú títì, èèyàn á rí ẹnu ọ̀nà náà kedere. Ìyá rẹ̀, Màmá Ṣubúọlá, ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú igbá omi tí wọn yóò fi fọ ẹsẹ̀ ìyàwó, àwọn obìnrin ilé sì tò yí i ká.

Nígbà tí wọ́n dé Ọ̀sì, Lazarus yí ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún. Kẹ̀rẹ̀rẹ̀. Imú ọkọ̀ kọjú sí àpáta.

Àyà rẹ̀ kò já. Ó ti dán an wò tẹ́lẹ̀: bó bá lọ sẹ́yìn, tó wá síwájú, tó tún lọ sẹ́yìn, á wọlé. Ó fi ọwọ́ kan jíà láti lọ sẹ́yìn.

"Kí lo fẹ́ ṣe un?" Màmá Susanna bi í.

"Mo fẹ́ lọ sẹ́yìn díẹ̀ ni, mà."

"Pẹ̀lú ùyàwó nínú ọkọ̀?"

"Díẹ̀ báyìí ni, mà."

"Ní ulé tiwa, ọkọ̀ tó gbé ùyàwó kì í fẹ̀yìn rìn. Èyí tó fẹ̀yìn rìn l'Érukú lọ́jọ́sí, kò pẹ́ tí ọmọ náà fi kó ẹrù rẹ̀ padà wá bá wa. Bó o bá lọ sẹ́yìn, Lásárù, n ó mú ọmọ mi dání, n ó lọ."

Màmá Susanna kì í halẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀," Damaris ní. "Mò ń rí ẹnu ọ̀nà. Ká rìn ín ni."

"Kí o fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀?"

"Ilẹ̀ ni mo ti ń tẹ̀ láti kékeré."

"Lónìí kọ́. Mo ti sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn."

"Àwọn èèyàn náà ò ní bínú."

"Damaris, o ò mọ èèyàn."

Ó rọra tọ́ ọwọ́ ọkọ̀. Àpáta gba dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọjá ilé ara rẹ̀, ó ń juwọ́ sí wọn bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ètò. Wọ́n hó yèè. Ó dé pápá bọ́ọ̀lù ilé-ìwé, ó fi gbogbo pápá yí po, ó padà bọ̀.

Lápá ibí yìí, òsì ni ẹnu ọ̀nà wà. Ó yí ọwọ́ ọkọ̀ sósì. Òsì náà há. Àwọn obìnrin ti gbé orin, wọ́n tún gbé e kalẹ̀.

"Lásárù," ìyá rẹ̀ pè é, "ulé rèé o."

"Mo mọ̀, Màmá. Mò ń bọ̀."

Ó sì ń lọ. Lójú ọ̀nà Ìdòfin.

"Oòrùn ń lọ," Màmá Susanna wí láti ẹ̀yìn. "Bó bá wọ̀ kí ùyàwó tó fọ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọkọ, ulé baba rẹ̀ ló máa sùn. O ó sì wá tọrọ rẹ̀ lọ́tun."

"Kò ní wọ̀, mà."

"Ṣé ìwọ lò ń wà á ni?"

Ó ń wá ibi tó fẹ̀. Oríta àkọ́kọ́, gọ́tà ni. Oríta kejì, oko ẹ̀gẹ́ ni, ebè rẹ̀ sì ga. Òórùn rọ́bà tó jóná ti kún inú ọkọ̀.

"Ibo là ń lọ?" Damaris bi í.

"Ibi tó fẹ̀."

"Ibo ló fẹ̀?"

Lazarus kàn ń wà á lọ. Òun náà ti mọ̀. Lójú ọ̀nà yẹn, ibi kan ṣoṣo ló fẹ̀.

Ìyán kejì ni mo ń jẹ l'Ídòfin nígbà tí a rí ọkọ̀ pupa. A kọ́kọ́ rò pé wọ́n gbàgbé nǹkan ni. Ó wọ iwájú ilé Kátíkíìsì, ó ní òun á yára yí po kí a tó mọ̀. Nítorí ìkánjú, ó yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin. Irin tó ti ń gé taya láti Ọ̀sì parí iṣẹ́ rẹ̀. Gbàù! Ọkọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ kan jókòó, imú rẹ̀ sì kọjú sí ilẹ̀kùn Kátíkíìsì gan-an.

Damaris ṣílẹ̀kùn. Ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀, ó fi èkejì tẹ̀ ẹ́. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé baba rẹ̀.

Kátíkíìsì jáde, ọbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Lásárù. Láàárọ̀ yìí la fún ọ lọ́mọ. Kí ló ṣe tó o fi dá a padà?"

"Mi ò dá a padà, sà. Mo fẹ́ yí ọkọ̀ ni."

"Ọ̀sì ńkọ́?"

"Kò gba ibẹ̀, sà."

"Ọkọ̀ tí kò ju àpótí lọ yìí?"

"Taya ni, sà. Ó sanra."

"Ta ló mú un sanra?"

Mo rí agbóúnjẹ kan tó dúró gbé àwo lọ́wọ́ nítorí ìdáhùn náà.

"Èmi ni, sà."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Kò pọ̀ o, ṣùgbọ́n ó ṣe mí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú kóòtù funfun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ìyàwó tó ti tọrọ. Wọ́n bi Damaris gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti bi í tẹ́lẹ̀, pé ṣé kí àwọn gbà.

"Ẹ gbà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú. Ọ̀la ni n ó wá, ẹsẹ̀ ara mi ni n ó sì fi rìn wọlé. Bí ìyẹn bá ń dójú ti Bọ̀dá Lazarus, kí wọ́n padà sí Kàdúná."

"Kò dójú tì mí," Lazarus wí láti ilẹ̀.

"Ẹ sọ̀rọ̀ sókè."

"Kò dójú tì mí!"

Kò sí sípíà. Kò sí lọ́rì. Ọ̀sì ni ilé èmi náà, nítorí náà èmi ni mo bá a rìn. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ kí i kú oríire ìgbéyàwó, wọ́n sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ìyàwó ń bọ̀.

A dé. Wọ́n ṣì dúró. Ìyá rẹ̀ gbé igbá omi dání, àwọn obìnrin wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn olórin, àwọn ará àdúgbò, gbogbo ìlú.

"Ùyàwó dà?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Ó wà nílé wọn, Màmá."

"Ta ló gbé e padà lọ?"

"Èmi ni."

Màmá Ṣubúọlá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó wo kóòtù. Ó wo bàtà. Ilẹ̀ pupa ti gun ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Ó gbé igbá sọ́wọ́ òsì.

"Láti ọ̀sán ni mo ti gbé omi yìí dúró," ó ní. "N kò ní gbé e wọlé padà. Gbé ẹsẹ̀ wá."

"Màmá..."

"Mo ní gbé ẹsẹ̀ wá."

Lazarus bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ wá. Ìyá rẹ̀ da omi sí i, ó fọ ọ̀tún, ó fọ òsì, bí wọ́n ti í fọ ti ìyàwó. Àwọn obìnrin wo ara wọn. Orin tí wọ́n ti kọ́, wọn kò lè gbé e sùn. Wọ́n kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kò sì yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀. Ìyàwó wa, káàbọ̀. Ìyàwó wa, ilé ọkọ á tù ọ́ lára. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń gbàdúrà pé inú rẹ̀ á gbé ìbejì, wọ́n dúró dè é.

Lazarus wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà ń wò ó.

"Àmín," Lazarus ní.