Ṣòkòtò Kẹ̀kẹ́ tí Télọ̀ Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Rán

"Ẹ̀ẹ̀kẹta ló máa kẹ́yìn," ni ìyàwó Télọ̀ wí, ó ń fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Tí wọ́n bá tún fi ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ gbé yín wálé lẹ́ẹ̀kan sí i, màá ta kẹ̀kẹ́ yìí. Oníbúrẹ́dì ti ní òun ń fẹ́ ẹ."

Pẹ́dà kẹ̀kẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá a lórúnkún nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbàù! Láàárọ̀, gbàù. Lọ́sàn-án, gbàù. Tíṣà ni obìnrin yìí, ohun tó bá sì ti sọ lẹ́ẹ̀mejì, kì í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Télọ̀ gun kẹ̀kẹ́ jáde, táyà jò, kò ní páǹpù, ọkọ̀ tó kó ewúrẹ́ ló gbé e wálé. Ìgbà kejì, ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ kó sínú ṣéènì, ṣéènì sì jẹ ẹ́ lọ dé itan kí ọkùnrin náà tó ṣubú sínú gọ́tà. Ọkọ̀ akólẹ̀ ló gbé ìyẹn.

Ṣùgbọ́n Télọ̀ fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ yìí ju bí ẹnu ṣe lè sọ lọ. Ọdún méjìlélógún ló ti fi tẹ̀ síwájú maṣíìnì ìránṣọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ti gan. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i létí, ńṣe ló pariwo bí ọmọ ọdún mẹ́jọ. Kí wọ́n wá gbé e fún oníbúrẹ́dì? Kò ṣeé gbọ́ sétí.

Ló bá gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Sípóòkù lọ.

Ọgbọ̀n ọdún ni Ọ̀gá Sípóòkù fi pín lẹ́tà lórí kẹ̀kẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló ń kó àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ fún ìgbádùn jáde ní àárọ̀ Sátidé.

"Gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Kó o tó gbéra, fi àtàǹpàkò tẹ táyà. Tó bá rọ̀, fún un ní atẹ́gùn. Túùbù kan lápò, páǹpù lára kẹ̀kẹ́. Dé akoto, kó o sì dè é lágbọ̀n. Akoto tí a kò dè, fìlà lásán ni. Bíréèkì méjèèjì ni kó o jọ máa tẹ̀. Tó o bá tẹ tiwájú nìkan, wàá fò kọjá lórí kẹ̀kẹ́ bí ọ̀pọ̀lọ́."

"Mo gbọ́, ọ̀gá."

"Mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ọ́. Yí gíà sílẹ̀ kó o tó kan òkè, kì í ṣe ìgbà tó o bá dé àárín rẹ̀. Tí òkè bá le, gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó, dìde wà á."

"Mo gbọ́, sà."

"Èyí tó kù, lọ ra ṣòkòtò kẹ̀kẹ́. Èyí tó fún mọ́ itan, tó ní tìmùtìmù lábẹ́. A kì í wọ pátá sábẹ́ rẹ̀ o, pátá á bó ọ lára."

Télọ̀ fò sókè. "Kí n lọ ra kí ni?"

"Ṣòkòtò."

"Èmi? Télọ̀? Kí n lọ ra ṣòkòtò tí ẹlòmíì rán? Ọ̀gá, ṣé ẹja ń ra omi ni?"

Ọ̀gá Sípóòkù mi orí. "Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é o."

"Ṣòkòtò ni, sà, kì í ṣe ọkọ̀ òfúrufú!"

Ẹ̀rín ń pa mí! Ẹ jẹ́ n rọra sọ ọ́.

Lọ́sàn-án Jímọ̀, Télọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ó kó tìmùtìmù èjìká kóòtù jáde, àwọn tó ń sọ èjìká ọkùnrin tó rù di ti ọ̀gágun. Mẹ́jọ! Mẹ́rin sí ìdí ọ̀tún, mẹ́rin sí ìdí òsì. Kí wọ́n má baà máa sá kiri, ó fi gọ́ọ̀mù bò wọ́n. Gọ́ọ̀mù ni aṣọ líle tí àwọn télọ̀ máa ń fi sínú kọ́là. Ojú rẹ̀ kan kì í lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kejì ní oje tó ń yọ́ tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná bá ti kàn án, á sì lẹ̀ mọ́ aṣọ pinpin. Kò sí télọ̀ tí kò mọ̀ pé ojú tó ń lẹ̀ ni à ń dà sínú.

Télọ̀ wa náà mọ̀.

Ṣùgbọ́n ṣòkòtò tó dojú inú rẹ̀ síta ló ń rán, ó ń súfèé, ọkàn rẹ̀ ti wà lórí òkè. Nígbà tó máa yí i padà, ojú tó ń lẹ̀ ló wà níta, tó ń wo ayé.

Kò rí i. Ó wọ̀ ọ́. Ìdí rẹ̀ yọ sẹ́yìn gọngọ.

"Bàbá àwọn ọmọ," ni ìyàwó rẹ̀ bi í, "ta lẹ pọ̀n?"

Télọ̀ ń wo ara rẹ̀ nínú dígí.

Ní Sátidé, àwọn mẹ́wàá ló pé. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ti ara ògiri, Ọ̀gá Sípóòkù sì fi odidi wákàtí kan sọ̀rọ̀ lórí bíréèkì. Oòrùn ń ta wẹẹ. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ Télọ̀, aláwọ dúdú, ti gbóná débi pé èèyàn lè din ẹyin lórí rẹ̀.

Télọ̀ jókòó.

Ṣììììì!

Ooru náà tiẹ̀ ń tù ú lára. "Tìmùtìmù mi dára o," ó sọ fún ara rẹ̀. Wọ́n gbéra. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kọrin.

Bí wọ́n ṣe dé ìdí òkè, Ọ̀gá Sípóòkù kígbe láti iwájú: "Ẹ dìde wà á!"

Gbogbo wọn dìde. Télọ̀ náà dìde.

Kẹ̀kẹ́ dìde pẹ̀lú ẹ̀!

Táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀ pátápátá, ó ń yí lófuurufú, fììì! Ẹ̀rù ba Télọ̀, ó jókòó padà. Gbàgà!

"Télọ̀, kí lẹ̀ ń ṣe?" ni bábà, onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, pariwo.

"Eruku ara táyà ni mò ń gbọ̀n!"

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa sọ ọ́? Tó bá sọ ọ́, wọ́n á wá ọkọ̀ fún un. Tí wọ́n bá wá ọkọ̀, oníbúrẹ́dì ti ní kẹ̀kẹ́. Ó ń wà á lọ, ó ń làágùn.

Lórí òkè, gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi. Télọ̀ kò sọ̀. Ó ń wa kẹ̀kẹ́ yí wọn ká.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ mumi!"

"Ara mi ṣì yá!"

Ó yí wọn po lẹ́ẹ̀karùn-ún. Ó yí wọn po lẹ́ẹ̀kẹwàá. Bábà bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́: "Ẹ wo ọkùnrin! Kì í rẹ̀ ẹ́!" Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrìnlá, ẹsẹ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Télọ̀ rọra tẹ̀, ó tẹ̀, ó tẹ̀...

Gbìì!

Wọ́n sáré gbé e dìde. Kẹ̀kẹ́ bá a dìde. Wọ́n gbọ̀n ọ́n, agogo kẹ̀kẹ́ dún: gíríńgírín!

"Ó ti lẹ̀ o!" ni bábà ké. "Ẹ bọ́ ṣòkòtò, jàre!"

"Kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀!" Télọ̀ náà ké. "Ọ̀gá ló ní kí n má wọ nǹkan kan!"

Ọ̀gá Sípóòkù ń wo ojú ọ̀run. Àwọn obìnrin mẹ́rin tó wá pọnmi gbé báàkẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ kí wọ́n lè ríran dáadáa. Bábà mú irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń yọ táyà, ó kì í bọ abẹ́ Télọ̀.

"Yééè! Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n o!"

Nígbà tí kò sí ọgbọ́n mìíràn mọ́, Ọ̀gá Sípóòkù fa sípánà yọ, ó tú ìjókòó kúrò lára kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ bọ́ sápá kan, Télọ̀ bọ́ sápá kejì, ìjókòó sì lẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Lára kẹ̀kẹ́, irin gbọọrọ nìkan ló kù tó nà sókè níbi tó yẹ kí èèyàn jókòó. Télọ̀ wo irin náà. Kò sí ẹni tó ní láti gbà á nímọ̀ràn.

Ọkọ̀ tó kó àga ló gbé e.

"Bàbá, ẹ mú àga kan kẹ́ ẹ jókòó," ni awakọ̀ sọ.

"Ẹ ṣeun," ni Télọ̀ dáhùn. "Mo mú tèmi dání."

Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí ọkọ̀, ó rí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ó pe oníbúrẹ́dì lórí fóònù. Ìgbà tó parí ìpè ló rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ni ọkọ òun ń fi rìn bí alákàn.

"Ẹ yí padà."

Ó yí padà.

Háà! Obìnrin náà di ilẹ̀kùn mú, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ẹ wọ yàrá lọ bọ́ ọ," ó ń nu omijé. "Màá fi omi gbígbóná yọ ìjókòó náà."

Télọ̀ wọ yàrá. Ó ti tú bọ́tìnnì ìbàdí nígbà tó gbọ́ kò-kò-kò lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ohùn oníbúrẹ́dì.

Oníbúrẹ́dì fi àtàǹpàkò tẹ táyà. Ó lu agogo. Ó tẹ bíréèkì méjèèjì. "Tíṣà, kẹ̀kẹ́ yìí dára o! Mo ti gbà á. Ìjókòó rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà nínú yàrá. Ó ń bọ̀."

Ọwọ́ Télọ̀ ṣì wà lórí bọ́tìnnì. Ó dúró. Ó ronú. Inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn díẹ̀díẹ̀.

Ó dé bọ́tìnnì padà. Iṣẹ́ télọ̀ kúkú ni iṣẹ́ rẹ̀: ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú, ó rán ìbàdí ṣòkòtò náà pa mọ́ra rẹ̀ fáín-fáín, ìlà méjì. Ó wá jáde, ó kọ ẹ̀yìn sí oníbúrẹ́dì.

"Ẹ kú ọ̀sán o," ó ní. "Ìjókòó rèé."

Oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. "Ṣé... ó ń yọ?"

"Kì í yọ."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí ẹ ó fi délé yín."

"Ẹ má dá a lóhùn!" ni ìyàwó rẹ̀ jágbe. "Mo ti tà á. Ẹ máa gbé e lọ bó ṣe wà!"

Oníbúrẹ́dì wo kẹ̀kẹ́. Ó wo Télọ̀. Ó rọra tẹ fìlà rẹ̀ mọ́rí.

"Tíṣà," ó ní, "kẹ̀kẹ́ ni mo wá rà. Ẹ má fi ọkọ yín ṣe èènì fún mi."