Bí Àjàgbé Télọ̀ Ṣe Ṣẹ́gun Jagùdà Lórí Òrùlé

Ẹ ká fìlà kúrò lórí, nítorí orúkọ tó ń bọ̀ yìí kì í ṣe orúkọ tí à ń dá nígbà tí òkèlè wà lẹ́nu. Àjàgbé ni, ọmọ Ògúnṣínà, ọmọ ilé Aláró ní Òkè-Ìrókò. Ọmọ ọkùnrin tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere wọ̀lú lọ́jọ́ tí ojú ò tíì rí kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, tí àwọn ewúrẹ́ fi gun àpáta lọ tí wọn kò sọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọmọ-ọmọ obìnrin tó bá ìjì wí lójú ọ̀nà oko, tí ìjì sì yà sí oko ẹlòmíràn. Bí ẹkùn bá bímọ, ẹkùn ni ọmọ yóò jọ. Bí ilé Aláró bá bímọ, ọmọ náà lè má jọ ẹkùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ohun tó bá dára.

Télọ̀ ni Àjàgbé, ọba ẹ̀rọ ìránṣọ, a-fi-ṣọ́ọ̀kì-fàlà-bí-ẹni-pín-ilẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ kọ́ ló gba ọkàn rẹ̀. Fíìmù ni. Fíìmù ló fi ń jí, fíìmù ló fi ń sùn. Kò sí àwòrán kan tó rìn lójú gíláàsì ní gbogbo agbègbè wa nígbà náà tí Àjàgbé kò mọ ẹni tó kú nínú rẹ̀, àti ẹni tó yẹ kó kú tí kò kú. Ó ti sunkún nítorí ẹṣin inú fíìmù tí òun kò mọ olówó rẹ̀. Nígbà tí olórí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ gbé aṣọ wá pé kó bá òun rán ṣòkòtò, ṣòkòtò jagunjagun tó rí nínú fíìmù lánàá ni ó gé fún un, pẹ̀lú àpò idà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan. Ọkùnrin náà sì wọ̀ ọ́ títí ó fi gbó, nítorí pé àpò náà gba ìwé orin.

Inú yàrá àlejò Àjàgbé ni tẹlifíṣàn wà, lórí tábìlì tí Wúràọlá, aya rẹ̀, fi aṣọ funfun bò. Inú ilé yìí kan náà sì ni ọ̀tá ń gbé. Jagùdà ni wọ́n ń pè é, ológbò dúdú tí ìrù rẹ̀ wọ́ nídìí, tó wá sá fún òjò lọ́jọ́ kan tí kò rántí lọ mọ́. Jagùdà, arìn-má-dún bí èrò burúkú, a-sùn-sórí-aṣọ-oníbàárà, ẹni tí Wúràọlá lé jáde lẹ́nu ọ̀nà, tó tún bá a nílé ìdáná tó ń wò ó bí onílé. Bí tẹlifíṣàn bá ti gbóná, orí rẹ̀ ni yóò sùn sí, tí yóò ju ìrù sílẹ̀ sójú àwòrán. Ọ̀pọ̀ ọba àti ìjòyè ni a wò nínú ilé náà tí ìrù ológbò ń jù níwájú orí wọn bí ìrùkẹ̀rẹ̀.

Láyé ìgbà náà, bí fíìmù bá gùn, wọ́n á gé e sí méjì: apá kan ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé yìí, apá kejì ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Bí o bá pàdánù rẹ̀, ó parí nìyẹn. Ẹ̀yin méjèèjì kò ní pàdé mọ́ láyé. Fíìmù tó wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà dá lórí ọkùnrin kan tí wọ́n fi irọ́ lé kúrò nílùú, tó rìn jìnnà títí irun rẹ̀ fi funfun, tó wá padà sílé sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ẹnu odi ìlú ni wọ́n gé e sí. Oníbodè na ọwọ́ sókè, ọkùnrin náà la ẹnu láti sọ orúkọ ara rẹ̀, ni wọ́n bá ní ó di Sátidé tó ń bọ̀.

Ìyá tó bí Àjàgbé, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ti abà wá kí wọn, ó sì wo apá kìíní. Ojú ìyá yìí ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Ó ti ń na ọwọ́ wá ife omi kó tó rí i. Nígbà tí wọ́n ní kó múra abà, ó kọ̀ jálẹ̀.

“N ò lọ. Ọmọ ọlọ́mọ dúró sẹ́nu odi, ẹ ní kí n máa lọ sídìí kòkó?”

Àjàgbé dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ ṣì ní ojú láti fi wò ó. Bí òkè wó, bí òkè ò wó, ẹ máa rí bó ṣe wọlé.” Ẹyin lohùn, Àjàgbé sì ti gbé tirẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀.

Sátidé pé. Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí yàrá kún. Bàbá Sàbítù, aládùúgbò wọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá. Orin fíìmù bẹ̀rẹ̀, ẹnu odi yọ, oníbodè na ọwọ́ sókè. Ni gíláàsì bá funfun báláú, tó ń ṣe ṣààààà.

Ìyá Àgbà súnmọ́ ọn. “Ṣé òjò ti ń rọ̀ nílùú wọn ni?”

“Àjàgbé,” Bàbá Sàbítù ní, “ṣé fíìmù lo pè wá wá wò, àbí èlùbọ́ tí wọ́n ń kù?”

Akọni dìde. Ó jáde, ó gbójú sókè. Lórí òrùlé ilé ìdáná, níbi tí ọ̀pá ọparun àńténà dúró sí, Jagùdà ti gun un dé góńgó. Àwọn ẹyẹ ẹ̀ga ló lé débẹ̀. Ẹ̀ga ti fò lọ, ó sì jókòó lórí irin àńténà bí ajẹ́lẹ̀. Ó ti yí àńténà náà kúrò níbi tí ìròyìn ayé ti ń wá, ó dojú rẹ̀ kọ àpáta.

Ni Àjàgbé bá gun àkàbà. Bí erin ṣe ń la igbó kọjá tí igi ń wí pé àwọn kò bínú, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń lọ, tí páànù ń ké gbàùn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀; ó ká etí ṣòkòtò, ó fi okùn òṣùwọ̀n ìránṣọ di ìbàdí bí ẹni di ìgbàdí ogun.

“Bàbá Mojí, ẹ rọra o!” Wúràọlá ké láti ìsàlẹ̀. “Páànù yẹn ti dípẹtà!”

Lákọ̀ọ́kọ́, ó fi ọ̀rọ̀ àgbà lọ̀ ọ̀tá. “Jagùdà, sọ̀ kalẹ̀. N kò wá ìjà.” Jagùdà kẹ̀yìn sí i, ó ń lá ẹsẹ̀. Ó bú u, Jagùdà yán. Nígbà náà ni ọgbọ́n tí àwọn baba ńlá rẹ̀ fi ń mú aró sọ̀rọ̀ wọ inú rẹ̀.

“Wúrà, gbé orí ẹja inú ọbẹ̀ wá.”

“Orí ẹja Ìyá Àgbà?”

“Bí wọn ò bá rí fíìmù náà, ṣé wọ́n á jẹ ẹ́ ni?”

Orí ẹja gòkè. Àjàgbé jù ú fìrìfìrì lókè bí àsíá. Ojú Jagùdà là, imú rẹ̀ mì, gbogbo ìgbéraga rẹ̀ yọ́ bí òrí nínú oòrùn. Ó yọ́ wá sílẹ̀ lórí ọparun, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan. Bó ti na ẹnu báyìí, Àjàgbé ti dì í lọ́rùn mú. Jagùdà họ ọ́ lápá, ó họ ọ́ láyà, akọni kò mira. Ó ti ológbò àti ẹja bọ inú dàńṣíkí, ó sì di àńténà mú.

Gbogbo ẹni tó gbé ayé ìgbà náà ló mọ òfin iṣẹ́ yìí: ẹnì kan ń yí ọ̀pá níta, ẹnì kan ń ké lójú fèrèsé. Wúràọlá ló dúró sí fèrèsé.

“Ó ti dáa?”

“Rárá! Yí i sí i! Ó ń bọ̀! Ó ń bọ̀… ó ti lọ! Padà!”

Ó yí i díẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa. Àjàgbé rò pé kò tíì dáa, ó tún yí i. Ariwo bẹ́ nínú ilé bí ìgbà tí iná jó ọjà.

“Ta ló ní kó yí i!”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?”

“À ń wò ó ni!”

Ó dá a padà síbi ìdákẹ́jẹ́ẹ́, àwòrán sì dúró. Ṣùgbọ́n Jagùdà ti mi ọparun náà títí ihò ẹsẹ̀ rẹ̀ fi fẹjú. Bí Àjàgbé bá ti tú ọwọ́, àńténà ń yí padà sọ́dọ̀ àpáta. Ó pè fún okùn. Wúràọlá rán Mojírọ́lá, ọmọbìnrin wọn. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni okùn wà, yàrá àlejò sì ni ọ̀nà ibẹ̀. Mojírọ́lá dé iwájú tẹlifíṣàn, ó rí ọkùnrin náà lẹ́nu odi, ó jókòó. Wúràọlá lọ pè é. Òun náà kò padà. Bàbá Sàbítù ké láti inú ilé pé, “Mò ń mú un bọ̀!” Bó ṣe ń mú un bọ̀ nìyẹn títí dòní.

Báyìí ni ẹni tó fẹ́ràn fíìmù jù lọ ní Òkè-Ìrókò ṣe dúró lórí òrùlé, apá nà sókè, tí fíìmù ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn òkè. Èéfín oúnjẹ alẹ́ ń jáde láti ilé dé ilé, òórùn epo àti ti igi tútù, irú èyí tí ó máa ń wá ẹni rí níbikíbi tí ẹni bá sá lọ. Nígbà tó yá, ó ní kí òun bẹ̀rẹ̀ yọjú sí fèrèsé lẹ́ẹ̀kan péré. Ọparun mì. Ohùn ìyá rẹ̀ ta jáde: “Yéè! Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó lọ o!” Ó na ara padà. Láti ìgbà náà, etí ni ó fi wò ó. Ó gbọ́ tí Ìyá Àgbà ń bú oníbodè: “Ṣílẹ̀kùn fún un, ìwọ elétí dídi yìí!” Ó gbọ́ ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan, àfi ẹnì kan tó ń fun imú.

Nígbà tó pẹ́, Ìyá Àgbà fi ọ̀pá wá ọ̀nà jáde, ó dúró lábẹ́ òrùlé, ó gbé ojú sókè síbi tí kò dá a lójú.

“Àjàgbé.”

“Màmá.”

“Ó wọlé.”

“Ìyá rẹ̀ ńkọ́?”

“Ojú ìyá rẹ̀ ti lọ. Ikọ́ ni ó fi dá a mọ̀. Ọmọ náà wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ìyá ní ikọ́ ọmọ òun nìyẹn.”

“Kí ló wá sọ fún un?”

“Ó ní kó wá jẹun.” Ó fi ọ̀pá kan àkàbà. “Ìwọ náà sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun. Orí ẹja mi dà?”

Jagùdà yọ orí lọ́rùn dàńṣíkí, ó lá ẹnu rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Nítorí náà, kí ará ilé gbọ́, kí ará oko gbọ́, kí ẹni tó wà lẹ́yìn odi tí kò tíì mọ̀nà ilé gbọ́ pẹ̀lú: ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ní Òkè-Ìrókò, ọ̀tá sọ̀ kalẹ̀, àwòrán dúró, ọmọ ọlọ́mọ wọlé, ojú ìyá kan sì rí i kó tó ṣú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé Àjàgbé kò sí níbẹ̀. Àwọn tó kù ló wo fíìmù náà. Àjàgbé ló dì í mú.