Dòdò Tó Ń Sáré

Títí tí mo fi máa darúgbó, ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi: ọjọ́ tí àwọn ará ìjọ wá ṣọ̀fọ̀ obìnrin kan, tí obìnrin náà sì ń dín dòdò lọ́wọ́. Èmi ni mo pa á. Ọ̀dà ni mo fi pa á.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà jáde, mo padà sí Àpòmù, orí mi sì gbóná. Olùkọ́ wa ti sọ fún wa nípa àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán kan ní ilẹ̀ Ítálì láyé ọjọ́un, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Fúṣúrísìtì. Wọ́n láwọn ò fẹ́ ohun àtijọ́ kankan mọ́ láyé yìí. Ọkọ̀, ẹ̀rọ àti eré sísá nìkan ló jọ wọ́n lójú. Bí ajá bá ń sáré nínú àwòrán wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á lọ bẹẹrẹ bí i ti ọ̀kùn. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Bàbá mi ní kí n bá àwọn kun ilé, mo ní èmi kì í kun ògiri àtijọ́. Ẹ ò rí ìyà tó ń wá mi bọ̀.

Bùnmi ni mo fẹ́ fi ṣaya nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ń ta dòdò Ìkirè létí títì, èyí tó dúdú, tó dùn, tó sì ń ta lẹ́nu. Ojú Màmá nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge ló wà lára pátákó ìtajà wọn, ṣùgbọ́n ó ti ṣá. Wọ́n ní, “Bá mi tún un kùn díẹ̀, kó lè hàn.”

Mo ní ibi tí màá ti gbayì lọ́dọ̀ àna nìyí. Mo gbé pátákó náà lọ sílé, mo ha ojú Màmá kúrò pátápátá, mo ya ọkọ̀ tó ń sáré sí i, taya rẹ̀ ò lóǹkà, dòdò sì ń fò tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Màmá wò ó títí. “Kí ni àwọn roboto dúdú wọ̀nyí?”

“Taya làwọn kan, mà. Dòdò làwọn yòókù. Wọ́n ń sáré ni.”

“Dòdò mi ń sáré? Ta ló ń lé e?”

Nítorí Bùnmi, wọ́n gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, ṣe làwọn ọlọ́kọ̀ ń sáré kọjá fìrì. Ẹni tó kọ́kọ́ dúró yí taya wá bá wọn, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Fọkanáísà yín dà?” Màmá yọ ṣíbí gbígbóná sí i, ló bá yí taya rẹ̀ padà.

Èyí tó burú jù ni pé àwọn oníbàárà àtọdúnmọ́dún tó ń wọkọ̀ kọjá rí i pé ojú Màmá ti kúrò lára pátákó. Ta ló ń ha ojú alààyè kúrò? Wọ́n ní Màmá ti kú. Ọ̀rọ̀ náà tàn dé ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí Màmá ń lọ. Bí mo ṣe jókòó ti Bùnmi nídìí iná Màmá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ni àwọn ará ìjọ náà yọ láìwọ bàtà, wọ́n ń kọrin arò bọ̀. Màmá kọjú sí wọn. Àwọn kan sá. Ìyá Ìjọ mi agogo: “Ẹ̀mí tó ń dín dòdò, padà síbi tóo ti wá!”

“Ẹ̀mí wo?” ni Màmá fi ìbínú dáhùn. “Ẹ kúrò nídìí iná mi jàre, epo gbóná!”

Ìyá Ìjọ nàka sí pátákó tí ojú Màmá ò sí mọ́, ni gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ mi. Bùnmi ò wò mí. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí mo mọ̀ pé ìyàwó ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Màmá ní, “Ṣé ọmọ mi lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí o fẹ́ sin mí?”

Ìdọ̀bálẹ̀ ni mo wà tí mo fi ń bẹ̀ wọ́n. Mo jókòó níwájú wọn, mo fara balẹ̀ ya ojú wọn padà. Wọ́n ní ta ni arúgbó yìí, mo tún yọ gbogbo ìhunjọ kúrò. Àwọn ọlọ́kọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Mo wá mọ̀ pé ká tó pa ohun àtijọ́ rẹ́, ó yẹ ká bi ẹni tó ń tibẹ̀ jẹun.

Nígbà tó yá, ẹbí mi wá tọrọ Bùnmi. Màmá wo bàbá mi, wọ́n ní, “A fún yín lọ́mọ. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo la bẹ̀ yín: kó má ya àwòrán rẹ̀ o.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.