Ère Ọṣẹ Tí Mo Gbé Síta

Dúró! Ìwọ òǹkàwé tó ń kánjú ṣí ìwé yìí kọjá, dúró níbẹ̀, kí o sì fetí sí mi. Ẹlẹ́ṣẹ̀ kan fẹ́ jẹ́wọ́. Èmi ni. Ẹ̀ṣẹ̀ náà ò ju ẹyọ kan lọ: mo fẹ́ràn kí wọ́n máa wò mí.

Oníṣẹ́ ọnà ni mí. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi igi àti amọ̀ ṣiṣẹ́. Èmi, ọṣẹ àlòkù. Èyí tó kù pẹ́ńpẹ́ nínú balùwẹ̀ wa, ti aládùúgbò, ti ilé ìjọsìn, gbogbo rẹ̀ ni mo kó. Mo rin ín lórí agolo tí mo lu ihò sí lára, mo fi omi díẹ̀ pò ó, mo sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ wáyà. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Ère ọkùnrin tó kúnlẹ̀ tó ń gbàdúrà ni. Ojú ta ni mo fún un? Ojú mi. Ó kúnlẹ̀ o, síbẹ̀ ó ga jù mí lọ. Mo sọ ọ́ ní "Ìrẹ̀lẹ̀."

Ìyàwó mi wò ó títí. "Baba àwọn ọmọ, ṣé o ò ní ṣẹ́ ọ̀kan kù fún wa ká fi wẹ̀?"

Bàbá rẹ̀ ló wà lọ́kàn mi ní tèmi. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti fẹ́ ọmọ wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, ńṣe ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ àfihàn iṣẹ́ ọnà kan wá kéde pé àwọn yóò yan iṣẹ́ kan ṣoṣo tí yóò máa wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá títí láé, mo ránṣẹ́ sí bàbá ìyàwó mi: "Bàbá, ẹ máa bọ̀. Ikọ́ yín parí."

Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Àdúrà kan ni mo gbà: kí ọ̀run ṣí sórí iṣẹ́ mi.

Nígbà tí ọjọ́ pé, inú gbọ̀ngàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ni wọ́n gbé tèmi sí. Níta, níwájú ilẹ̀kùn gan-an, aṣọ ìkélé tí ìyá àgbà aránṣọ kan fi síìpù tó ti bàjẹ́ ṣe ni wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀. Èmi kẹ̀!

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀. Ti Olúwa ni tèmi."

"Ọmọ mi, síìpù tèmi wá jẹ́ ti ta ni?"

Ọkùnrin tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn dá sí i: "Ọ̀gá, ọṣẹ mà ni. Ojú ọjọ́ yìí ò sì dáa."

"Ìwọ onígbàgbọ́ kékeré!" Mo ká aṣọ ìkélé ìyá wọlé, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ti ère náà síta.

Bàbá ìyàwó mi dé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn kan. Mo la ẹnu kí n ṣàlàyé. Ọ̀run ṣí.

Òjò! Imú mi ló kọ́kọ́ lọ. Etí tẹ̀ lé e. Ọṣẹ ń hó yaya lórí àtẹ̀gùn. Alága ìgbìmọ̀ gbé ẹsẹ̀ kan báyìí, ìdí ló fi délẹ̀. Mo sáré lọ gbé wọn dìde, mo bá wọn nílẹ̀ níbẹ̀. Mo rá dé ìdí ère, mo dì mọ́ ọn kí n lè gbà á là, apá rẹ̀ bá bọ́ sí mi lọ́wọ́.

"Baba àwọn ọmọ," ìyàwó mi pariwo láti ẹnu ilẹ̀kùn, "mú apá yẹn dání o! Mo ní aṣọ láti fọ̀!"

Nígbà tí òjò dá, wáyà ló kù. Aṣọ ìkélé tí mo lé wọlé gbẹ táútáú. Òun ni wọ́n yàn.

Ìyá aránṣọ wá bá mi níbi tí mo ti ń fi ìgbálẹ̀ gbá omi ọṣẹ, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Ọmọ mi, Ọlọ́run ló lò ọ́. Ká ní o ò lé mi ni, síìpù mi ì bá ti dípẹtà."

Lẹ́yìn mi ni mo ti gbọ́ ọ̀rẹ́ bàbá ìyàwó mi: "Ta lẹni tó ń gbálẹ̀ yẹn?"

Bàbá gbé orí sókè. "Ọkọ ọmọ mi ni! Iṣẹ́ ìmọ́tótó ló ń ṣe. Ẹ ò rí i bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe?"

Òǹkàwé, ìwọ tó ń ti ẹlòmíì kí o lè dé iwájú, mo fi orúkọ Olúwa bẹ̀ ọ́: yí padà níbi tí o dé yẹn. Lọ jókòó sẹ́yìn, kí ara rẹ gbẹ.