Òórùn Ọ̀dọ̀ Ta Nìyí?

Ní Ìbàfọ̀, lẹ́bàá títì márosẹ̀, ilé kan wà tí ṣọ́ọ̀bù méjì pín ògiri kan ṣoṣo. Ògúnkànmí tó ń fi ẹ̀rọ léèdì fá irin wà lápá ọ̀tún, Ìyá Láyọ̀ tó ń ṣe fùfú wà lápá òsì, òórùn kan tó lè jí òkú sì wà láàrin àwọn méjèèjì. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Àlàájì Ṣàmsúdéènì tó ni ilé ti búra pé bí òun bá ti kírun àsáárì tán, òun ń bọ̀ wá fi imú ara òun wádìí. Ẹni tí òórùn náà bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, kó wá nǹkan ṣe sí i, bí kò bá sì ṣeé ṣe, kó yáa wá ṣọ́ọ̀bù lọ sí Mówe.

Kànmí ò tiẹ̀ mikàn. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé ẹni tó bá ń bá oní-fùfú pín ògiri, kò sẹ́ni tí yóò fura sí i. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń fi àkísà nu irinṣẹ́ tí kò dọ̀tí, ni Ìyá Láyọ̀ bá wọlé tòun ti ọmọrogùn lọ́wọ́.

"Ẹ káàsán, Màmá." Kànmí dọ̀bálẹ̀, ìyẹn ni pé ó fi ìka kan ilẹ̀ ṣá. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú ọ̀rọ̀ Àlàájì."

"Kí ló dé tó o fi ń kí mi bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀?"

"Mò ń bá yín kẹ́dùn ni. Aládùúgbò rere ṣòroó rí. Ṣé ẹ ti wá rí ṣọ́ọ̀bù ní Mówe?"

"Kànmí, fùfú mi ò rùn tó báyìí."

"Màmá, imú yín ló ti mọ́ ọn lára."

"Láti kékeré ni mo ti ń ṣe fùfú, ní Ìfọ̀ níbi tí ìyá mi ti kọ́ mi. Mo mọ òórùn rẹ̀ bí mo ṣe mọ ohùn ọmọ mi. Fùfú máa ń kan ni. Eléyìí ń bàjẹ́ ni. Bí ẹyin tó ti bàjẹ́ ló ń rùn."

"Á jẹ́ pé eku ló kú sí àjà."

"Mo ti gun àjà. Eku ibẹ̀ wà láàyè, ara wọn le ju tìẹ lọ."

"Gọ́tà ni nígbà náà."

"Mo ti ro gọ́tà láàárọ̀."

"Títì márosẹ̀ nìyẹn. Àwọn tírélà tó ń kó màlúù lọ sí Èkó."

"Màlúù wo ló ń lọ sí Èkó tó wá ń sọ òórùn rẹ̀ kalẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù tìẹ nìkan?"

Ìyá Láyọ̀ gbé imú sókè, ó ń tẹ̀lé e bí ẹni tí wọ́n ń pè. Imú náà mú un kọjá tábìlì, ó mú un kọjá àwọn páìpù, ó wá dá a dúró síwájú nǹkan gbàǹgbà kan tí wọ́n fi tàpólì bò. Kànmí sáré bọ́ sáàrin.

"Kí ló wà lábẹ́ tàpólì yìí?"

"Léèdì ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án, Màmá. Ẹ̀rọ Jámánì ni."

"Ṣé bí àwọn ará Jámánì ṣe ń rùn nìyí?"

Ó ṣí tàpólì náà. Lábẹ́ léèdì ni táńkì pẹrẹsẹ kan wà, tí omi funfun tí wọ́n fi ń tu irin lára nígbà tí wọ́n bá ń fá a máa ń ṣàn sí. Ó ti pẹ́ tí omi náà ti funfun gbẹ̀yìn. Ìyá Láyọ̀ ti ọmọrogùn bọ̀ ọ́, ó rò ó lẹ́ẹ̀kan péré.

Adìyẹ kan tó fẹ́ wọlé yí padà lẹ́nu ọ̀nà. Kànmí pinnu pé òun ò ní dimú, nítorí ẹni tó bá dimú ti jẹ́wọ́. Ó dúró gbọnyin, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, Màmá. Kúláǹtì là ń pè é. Òórùn iṣẹ́ ni."

"Ṣé òórùn iṣẹ́ náà ló ń pa ọ́ lẹ́kún yìí?"

"Eruku ló kó sí mi lójú."

"Nítorí náà, látìgbà tí àwọn oníbàárà mi ti ń fọwọ́ dimú, tí Fúnmi tó ń gbé fùfú lọ sí Arẹ́pò ti pa mí tì, omi tìẹ ni?"

Kànmí wolẹ̀. Ká sòótọ́, ó ti mọ̀ látìgbà òjò. Òun ló tiẹ̀ máa ń sọ fún àwọn tó bá wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ pé, "Ẹ má bínú, fùfú ni." Ojú tì í nísinsìnyí, ojú sì yẹ kó tì í.

"Mo gbìyànjú o, Màmá. Mo da Ìsáàlì sí i."

"Ṣé ó gbọ́?"

"Ó wá ń rùn bí ilé ìyàgbẹ́ ọsibítù. Mo bá ju káńfọ̀ sí i. Ìgbà tó yá, mo wọ́n sẹ́ńtì ìyàwó mi sí i."

"Ìyàwó rẹ mọ̀?"

"Ó rò pé obìnrin kan níta ni mo gbé e fún. A ò tíì yanjú ìyẹn."

"Kí wá ni mò ń rí lókè rẹ̀ yìí, tó ń dán, tó nípọn bí ojú ọbẹ̀ ọlọ́rọ̀?"

Kànmí gbé ohùn wálẹ̀. "Òróró àdúrà ni."

"Òróró àdúrà."

"Bí mo bá ti ń bọ̀ láti ìṣọ́ òru oṣooṣù, mo máa ń da odindi ìgò kan sí i. Pásítọ̀ ní kí n fi òróró ya iṣẹ́ ọwọ́ mi sí mímọ́."

"Ṣé wọ́n ní kó o ta á sí ẹ̀rọ lára ni, àbí wọ́n ní kó o fi din ín?"

"Ìgbàgbọ́ mi ló pọ̀, Màmá."

"Bó o ṣe ń dà á, ṣé òórùn ń dínkù?"

"Ó ń pọ̀ sí i ni. Bó ṣe ń pọ̀ sí i ni mò ń fi kún òróró. Mo rò pé ọ̀tá ló ń jà padà."

Kànmí retí kó fi ọmọrogùn náà gbá òun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló pa Ìyá Láyọ̀, ó rín in títí ó fi jókòó sórí àpótí.

"Kànmí, jẹ́ n bi ọ́ ní nǹkan. Bí mo bá rẹ ẹ̀gẹ́, tí mo fẹ́ kó kan dáadáa, kí ni mo máa ń ṣe sí i?"

"Ẹ máa ń dé e pa."

"Nítorí kí ni?"

"Kí afẹ́fẹ́ má bàa wọ̀ ọ́."

"Ṣé mo máa ń rò ó?"

"Rárá. Ẹ máa ń fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́ ni."

"Ìwọ da òróró lé omi lórí, omi ò rí ibi mí. O tún fi tàpólì bò ó. Àwọn oníná ò múná wá, ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́, omi wà lójú kan jẹ́ẹ́. Èérún irin àti ìdọ̀tí sùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Fùfú lo ṣe, Kànmí. Fùfú irin. Ó ti kan tipẹ́, ìwọ lo ò sẹ́ ẹ."

Kànmí kọ́kọ́ fẹ́ bínú. Tọ́nà tó mọ irin fá bíi tòun, tó kọ́ṣẹ́ ní Òṣogbo tó gba sàtífíkéètì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà rán an létí nǹkan kan.

"Ọ̀gá mi ní Òṣogbo, Ọ̀gá Adépọ̀jù, àràárọ̀ ni wọ́n máa ń fi ìgbákọ gbọ́n epo tó bá léfòó kúrò lójú kúláǹtì. Bí iná ò bá sí, wọ́n á fi igi rò ó kí wọ́n tó lọ sílé."

"Wọn ò sọ ìdí rẹ̀ fún ọ?"

"Wọ́n sọ ọ́. N ò gbọ́ ni. Mo rò pé ahun ló ń ṣe wọ́n, pé wọ́n fẹ́ tún epo náà lò."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká lọ kọ́ṣẹ́ ká gbàgbé etí sílé." Ìyá Láyọ̀ tún ìró rẹ̀ ró, ó so ó le. "Gbé kẹ́ẹ̀gì wá. Àsáárì ò jìnnà mọ́."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá Láyọ̀ ń gbọ́n òróró, Kànmí ń gbọ́n omi.

"Má dà á sí gọ́tà o. Gbogbo Ìbàfọ̀ ni yóò wá bi wá."

"Inú kẹ́ẹ̀gì ni, Màmá. Mo máa dé e pa."

"Ha ìsàlẹ̀ yẹn dáadáa. Kí ni dúdú tó ń yọ̀ yẹn?"

"N ò mọ̀. Ó jọ pé ó ti fẹ́ máa mí."

Wọ́n fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ táńkì náà, wọ́n ṣàn án, wọ́n nù ún gbẹ. Ìyá Láyọ̀ gbé agolo epo kúláǹtì tuntun, ó fẹ́ dà á sínú táńkì, Kànmí dì í lọ́wọ́ mú.

"Ẹ má tíì dà á. Omi ló ń ṣáájú. Bí omi bá ti wà ńlẹ̀, a ó wá máa da epo sí i díẹ̀díẹ̀, a ó máa rò ó. Bí epo bá ṣáájú omi, wọn ò ní pò."

"O mà mọ iṣẹ́ rẹ nígbà náà."

"Mo mọ̀ ọ́n, Màmá. Ọ̀lẹ ló bá mi jà."

Omi tuntun náà funfun bí omi ògì. Kò rùn rárá. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n mí kanlẹ̀, inú Kànmí dùn débi pé ó tún mí lẹ́ẹ̀kejì. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti yí padà. Òórùn kan ń gba orí ògiri bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti apá òsì.

"Kànmí, kí lò ń gbọ́ òórùn rẹ̀?"

"N ò gbọ́ nǹkan kan, Màmá."

"Má parọ́ fún mi."

"Fùfú ni."

Ìyá Láyọ̀ rọra jókòó. Wọ́n ti kírun tán ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń kí ara wọn níta.

"Tìẹ ló ń bo tèmi mọ́lẹ̀. Èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi gbé e kúrò."

"Ẹ ò lè fọ tiyín náà ni?"

"Fùfú tí kò bá rùn, ta ló fẹ́ rà á? Sẹ́mó nìyẹn." Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. "Òun ni mo fi ń tọ́ Láyọ̀. Ta ló sì máa gba oní-fùfú sílé ní Mówe?"

Àánú rẹ̀ ṣe Kànmí gan-an. Obìnrin yìí ti ru òórùn òun látìgbà òjò láìmọ̀, òun sì ń wò ó níran. Àlàájì húkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Kànmí jáde lọ pàdé rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gidi lọ́tẹ̀ yìí, àyà kanlẹ̀.

"Ẹ kú ìrun o, Àlàájì. Ẹ má wulẹ̀ dààmú ara yín, ọ̀dọ̀ mi ni. Omi ẹ̀rọ mi ló bàjẹ́. A ti dà á nù, a ti fọ ibẹ̀, ẹ wọlé wá wò ó. Èyí tẹ́ ẹ tún ń gbọ́ yẹn, àṣẹ́kù rẹ̀ ló há sára ògiri. Tó bá fi máa dọ̀la, yóò ti lọ."

Àlàájì tẹ̀lé Kànmí wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo táńkì tó ń dán. Ó fínmú sápá ọ̀tún, ó fínmú sápá òsì, ó mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé. Ìyá Láyọ̀ tó kúnlẹ̀ sẹ́yìn léèdì fa Kànmí láṣọ, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí.

"Má sọ pé ọ̀la. Ẹ̀gẹ́ tí mo rẹ láàárọ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kan."